Páálí Àwo Orin tí Mo ti Sọ Ẹnì Kan Di Méjì

Ọ̀dọ́mọkùnrin olórin tàkasúfèé náà bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi ní Bódìjà kí n tó sọ fún un, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ohun méjèèjì yìí ni kò jẹ́ kí n lé e padà. Mo ti pinnu pé n ó lé e. Ọkùnrin tí ó rán an sí mi, ẹni tí ó ni ilé ìtẹ̀wé kan ní Ring Road, ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì ti dá a lóhùn pé èmi kì í ṣe iṣẹ́ fún àwọn tí ń fi èébú kọrin.

"Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná, ọ̀gá mi," ni ó wí.

Abẹ́ mi ni ọkùnrin yìí ti kọ́ iṣẹ́, nígbà tí mo jẹ́ olórí ẹ̀ka àwòrán ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Dúgbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, síbẹ̀ ọ̀gá ni ó ń pè mí, bí ó sì ti yẹ kí ó rí nìyẹn.

Kí ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí má ṣe ṣì mí gbọ́: n kò fi ojú tín-ín-rín wo orin rí. Iṣẹ́ jákujàku ni n kò fẹ́. Àwọn tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọnà kì í gba ìlà wíwọ́. Bí ìlà bá wọ́ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, wọn a fa bébà náà ya lójú gbogbo kíláàsì, ẹni tí ó ni ín yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín wa, wọn kò sì fa tèmi ya ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ya èèpo ẹ̀yìn ìwé, mo ya páálí ọṣẹ, mo ya páálí àwo orin nígbà tí àwo ṣì fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Gbogbo lẹ́tà tí ó wà lára wọn, ọwọ́ mi ni mo fi kọ wọ́n.

"Kí ni ìwọ ń fẹ́?" ni mo bi ọmọ náà léèrè.

"Páálí àwo ni, Màmá. Kì í ṣe ti ojú fóònù o. Èyí téèyàn máa fọwọ́ mú, tó máa ṣí, tó máa rí nǹkan kà nínú ẹ̀."

"Àwọn ènìyàn ṣì ń ra àwo ni?"

"Wọn ò rà á mọ́, mà. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Agbowó, orí íńtánẹ́ẹ̀tì lorin wọn wà. Tí dátà bá ti tán, orin tán. Èmi fẹ́ kí tèmi wà lórí tábìlì ẹnì kan."

Ó tún fẹ́ ìpolówó, odidi ojú ewé kan nínú magasíìnì àwọn olórin, èyí tí yóò jáde ṣáájú àwo náà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbọ́ orin rẹ̀. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, orin sì bẹ̀rẹ̀. Yorùbá Ìbàdàn ni ó fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì já geere ju bí mo ti rò lọ. Mo kíyè sí ohùn náà. Ó ki, ó sì ní òjìji nínú.

"Ìwọ àti ta ni ẹ jọ kọ ọ́?"

"Èmi nìkan ni, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń gba ohùn sílẹ̀, àá wá tò ó léra. Ẹ̀ẹ̀kejì ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àkọ́kọ́ rárá."

"Nítorí kí ni?"

"Kó lè ki ni. Gbogbo olórin ló ń ṣe é." Ó pa orin náà. "Ṣùgbọ́n tèmi tún yàtọ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan kù."

Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó mú wá. Ó dúró níwájú ògiri tí a kò kùn ní Agbowó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Kò dúró sí àárín. Apá òsì ni ó dúró sí, ògiri òfìfo sì kún apá ọ̀tún. Nígbà tí mo bi í pé ta ni ó ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí ó sọ fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni òun ti máa ń dúró láti kékeré. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin wá bí n ó ti mú kí àwòrán náà dọ́gba. Mo gbé lẹ́tà sí apá ọ̀tún, kò tẹ̀wọ̀n. Mo gé ògiri náà kúrò, ọmọ náà wá dà bí ẹni tí wọ́n há mọ́ igun ilé. Ní ọjọ́ karùn-ún ni mo rántí ohùn rẹ̀ tí wọ́n tò léra, mo sì mọ ohun tí n ó ṣe. N ó tò ó ní méjì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí mo ti mọ iṣẹ́ yìí. Kí n tó dé ilé ìtẹ̀wé, mo lo ọdún kan ní ilé ayàwòrán kan ní Dúgbẹ̀. Láti ìgbà dé ìgbà, obìnrin kan a gbé ọmọ kan ṣoṣo wọlé, a sì sọ pé méjì ni òun fẹ́ nínú àwòrán. A kì í bi í pé èkejì ńkọ́. A ti mọ̀ pé ìyá ìbejì ni, àti pé èkejì ti rìnrìn àjò, nítorí pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọ̀gá wa a ya ọmọ tí ó kù. Nínú yàrá òkùnkùn, a ó fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, a ó tẹ ọmọ náà sí apá kan. A ó sì tún ṣí páálí náà sí òdìkejì, a ó tẹ ọmọ kan náà sí apá kejì. Bí ìlà àárín bá hàn, èmi ni n ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa á rẹ́. Nígbà tí ìyá bá padà wá, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni yóò rí, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Òfin kan wà. A kì í tẹ ẹnikẹ́ni ní méjì bẹ́ẹ̀ àfi bí ìyá bá béèrè fún un. Bí oníbàárà kan bá fẹ́ ẹ nítorí ẹwà, ọ̀gá wa a kọ́kọ́ bi í léèrè pé: "Ṣé ìbejì ni ọ́? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì wà?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ọ̀gá wa kì í ṣe é fún un, bí ó ti wù kí ó bẹ̀ ẹ́ tó.

Mo mọ òfin yìí. Bóyá ni ẹni mẹ́ta kù ní Ìbàdàn tí ó mọ̀ ọ́n. N kò sì béèrè. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni pé àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ yóò rí i, wọn yóò sì mọ̀ pé ọwọ́ àgbà kò tíì kú.

Mo kọ̀ láti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é. Mo ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà sórí bébà lẹ́ẹ̀mejì, mo fi abẹ gé wọn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì pa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí i. Lábẹ́ àwọn méjèèjì, mo fi ọjọ́ mẹ́fà kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ tí ó sì fi ń kọrin, pẹ̀lú lẹ́tà tí èmi fúnra mi dá. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkùnrin Ring Road na ọwọ́ gbà á, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ bi í?"

"Kí n bi í ní kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń wí."

"Páálí àwo orin nìyí. Kì í ṣe fọ́tò ìyá ìbejì. Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ bí a ti ń di rúlà mú ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà." Kò gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ká máa béèrè."

Inú bí mi gan-an. Mo ní bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, ilé ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ìbàdàn. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní dúró ti ẹ̀rọ nígbà tí ó bá ń jáde. Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ èyí tí a ó fi yẹ iṣẹ́ wò, ìta ni ó jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Lára ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde, ẹni ọ̀tún ràn, ó mọ́ kedere. Ẹni òsì ṣá. A yí ẹ̀rọ, a tún un tẹ̀. Ẹni òsì mọ́, ẹni ọ̀tún wá ṣá. Ọ̀rọ̀ yíǹkì ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà karùn-ún ni àwọn méjèèjì tó jọ hàn pa pọ̀.

Ìpolówó ni ó kọ́kọ́ jáde. Àwòrán kan náà gba odidi ojú ewé, ohun kan ṣoṣo ni a sì kọ sí i lẹ́yìn orúkọ: "Mo ti dé." Mo ra magasíìnì náà ní Dúgbẹ̀, mo sì dúró níwájú ẹni tí ń tà á, mo ń wo ojú àwọn tí ń ṣí i. Ọmọbìnrin kan sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Wo àwọn ìbejì yìí, wọ́n mà rẹwà o." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì bá tèmi lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olórin náà pè mí lórí fóònù.

"Màmá, ìpolówó yín ń ṣiṣẹ́ o! Gbogbo ayé ló ń bi mí pé èkejì mi dà."

"Kí ni ìwọ ń dá wọn lóhùn?"

"Mo ní ó ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó tún pè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó ní obìnrin kan ní Challenge yẹra fún òun, obìnrin náà sọ pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ọ tán ní ẹ̀gbẹ́ bánkì, o ò sì dáhùn." Olórin náà ní òun kò dé ẹ̀gbẹ́ bánkì kankan ní ọjọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Màmá, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́, èwo lẹ kọ́kọ́ lẹ̀?"

"Ti apá òsì. Nítorí kí ni?"

"Kò sí nǹkan, mà. Mo kàn ń rò ó ni."

Mo sọ fún un pé kí ó wá ní ọjọ́ Àlàmísì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó wá wo ẹ̀yìn páálí náà kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbé iṣẹ́ náà wá síbi fèrèsé. Ojú ẹni méjì ni ó ń wò mí. Mo yí i dojú bolẹ̀, n kò sì mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àlàmísì náà, òjò ṣú láti ọ̀sán. Aago mẹ́ta kò tíì lù tán tí obìnrin kan fi kan ilẹ̀kùn. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tí ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn kan ní Jericho, magasíìnì sì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ará ìlà-oòrùn, àwọn tí wọ́n ti ọ̀nà Èkìtì wá. Ó ní òun ni ìyá olórin náà, ọmọ náà ni ó sì júwe ilé mi fún òun. Mo fi àga lọ̀ ọ́, kò jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí, mà?"

"Èmi ni." Mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ó sọ kí ni fún mi?"

"Pé méjì ni wọ́n."

Mo wá àga, mo jókòó. Obìnrin náà ń wo ojú mi, ó ń wá ibi tí irọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ẹ̀rù rẹ̀ wá pọ̀ sí i.

"Ṣé òun ló wá sọ fún yín?" Kì í ṣe ọmọ tí ó wà láàyè ni ó ń wí.

"Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi," ni mo dáhùn. "Ọmọ rẹ kò mọ̀?"

"Kò mọ nǹkan kan. Kò tíì rìn tí mo fi gbé e kúrò nílùú wa. Wọ́n ní kí n gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, kí n máa wẹ̀ ẹ́, kí n máa bọ́ ọ. Mi ò ṣe é. Mo wá sí Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní ìyá ìbejì níbí. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbé dígí ńlá sínú ilé. Mi ò gbé fọ́tò rẹ̀ méjì kọ́ ògiri kan." Ó na ọwọ́ sí magasíìnì náà. "Ẹ wá tò wọ́n síbí fún gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tẹ ti páálí yẹn. Bó bá rí èkejì ẹ̀ tó, á tẹ̀ lé e."

"Àwòrán kì í pe ènìyàn," ni mo wí. Bí olùkọ́ ni mo ti wí i.

"Kí ló wá dé tó fi ń sọ fún mi pé wọ́n ń rí òun níbi tóun ò dé?"

Mo dìde, mo yí iṣẹ́ náà padà, mo mú abẹ, mo sì gbé rúlà lé ojú ibi tí mo ti so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ yà wọ́n. Èmi tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí àbùkù iṣẹ́ mi rí, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gé èyí tí ó dára jù nínú wọn. Obìnrin náà fò, ó sì di ọwọ́ mi mú, ó dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dùn mí.

"Ẹ má gé e!"

"Ìwọ ni o ní kí n má tẹ̀ ẹ́."

"Mo ní kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kí ẹ gé e. Èwo lẹ fẹ́ gé?"

Bẹ́ẹ̀ ni a wà, abẹ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ mi, nígbà tí ọmọ náà wọlé. Ó dé ṣáájú aago mẹ́rin nítorí òjò tí ó ṣú. Ó wo abẹ, ó wo magasíìnì, ó wá wo ìyá rẹ̀.

"Màmi, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù. Mo mọ̀ nígbà náà pé ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi í ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ bi í, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò ní lè ṣe é.

"Ṣé ìbejì ni ọ́?" ni mo wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì rí ojú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì wo àwòrán náà pẹ́ títí.

"Ibo ló wà?"

"Ó ti rìnrìn àjò," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Mo ti ń dúró dè é," ni ọmọ náà wí, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè. "Èwo ni èmi, Màmi? Ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ dé, àbí èmi ni mo gbẹ̀yìn?"

Ìyá rẹ̀ la ẹnu, ó pa á dé. Mo rò pé ẹkún ni kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹkún.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

Ó sọ ọ́ fún wa nígbà náà, ní ìdúró. Oṣù mẹ́wàá ni àwọn ọmọ náà wà tí èéyi mú wọn, tí ibà sì dá òun náà wó. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: funfun fún èyí tí ó kọ́kọ́ dé, pupa fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan já ìlẹ̀kẹ̀ náà kí ó lè rí iṣan, ó sì kó méjèèjì sínú abọ́ kan. Nígbà tí òun fi lajú, wọ́n ti sin ọ̀kan. Wọ́n gbé ọ̀kan lé òun lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wú, kò jọ ẹnikẹ́ni.

"Ìyá mi ní ìwọ lo gbẹ̀yìn. Bàbá rẹ ní ìwọ lo kọ́kọ́ dé. Mo wojú rẹ títí, mi ò mọ̀. Bí mo bá pè ọ́ lórúkọ kan, tó wá jẹ́ pé orúkọ ẹni tó lọ ni mò ń pè ńkọ́? Mo wá fún ọ ní èyí tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú yín."

Ọmọ náà dìde. Ó gbé iṣẹ́ náà kúrò níwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni tí ó gbé abọ́ omi.

"Màmá," ni ó wí fún mi, "ẹ má yí àwọn méjèèjì padà. Ẹ tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni kí ẹ yọ."

"Orúkọ rẹ?"

"Kì í ṣe tèmi, mà. Ẹ ti gbọ́ ọ."

Mo yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni páálí náà ṣe jáde nígbẹ̀yìn láti Ring Road: ẹni méjì níwájú ògiri, lẹ́tà kankan kò sí lábẹ́ wọn. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ń sọ pé ọgbọ́n ńlá ni. N kì í dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì náà, olórin náà gbé àwòrán náà kalẹ̀, ó yí sí ìyá rẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ má fi orúkọ kankan pè mí mọ́, Màmi, àfi tí ẹ bá mọ èwo ni èmi." Kò pariwo. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde sínú òjò. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, èmi náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbòòrùn. Ọmọ náà ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ òpópónà, ní etí ọ̀nà lápá òsì, omi ń ṣàn ní ìyókù títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Obìnrin náà di irin géètì mú, ó la ẹnu láti pè é padà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń retí orúkọ tí yóò jáde, títí ọmọ náà fi yà sí kọ̀rọ̀ tí a kò rí i mọ́.